Ẹ̀yìn Ìwé Ló Ti Ń Kà Á

Bí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn ínṣọ́ránsì lé obìnrin yìí lọ́wọ́, kì í wo ojú ewé àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tẹ orúkọ rẹ̀ sí gàdàgbà, ibẹ̀ náà ni wọ́n to gbogbo òfò tí wọ́n ní àwọn yóò san sí. Ẹ̀yìn ló máa ń ṣí, níbi tí lẹ́tà ti kéré wínníwínní, tí wọ́n ka àwọn òfò tí kò kàn wọ́n sílẹ̀. Á gbé ìka lé ìlà kan, á kà á tán, á tún un kà, kó tó bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ibi tó bá kan oníbàárà rẹ̀, á fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù ni, kì í ṣe báírò, torí ó lè pe ilé-iṣẹ́ náà kí ilẹ̀ tó ṣú pé kí wọ́n yọ ìlà yẹn kúrò, kí wọ́n sì sọ iye tí wọ́n máa fi lé owó. Bí wọ́n bá gbà, á fi rọ́bà pa á rẹ́. Bí wọn kò bá gbà, á wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Pípe ilé-iṣẹ́ mìíràn yẹn ni ohun tí kò lè ṣe ní gbogbo ọdún tó fi jẹ́ éjẹ́ǹtì.

Àwọn ará ọjà ń pè é ní Àǹtí Ínṣọ́ránsì. Orúkọ yẹn ni n ó máa lò, nítorí kò fẹ́ kí n gbé tirẹ̀ jáde. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ikosi Road, ní Kétu, ní Èkó, ni ọ́fíìsì òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rí i láàárọ̀, kó má wulẹ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn. Láàárọ̀, Mile 12 ló wà, láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpò àlùbọ́sà, tàbí Owódé Onírin lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tàbí Alápẹ́rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ní bọ́ọ̀sì mélòó kan tó ń ná Ọjọ́ta. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹnu dídùn nìkan ni iṣẹ́ ẹni tó ń ta ínṣọ́ránsì. Mo ti jókòó ti obìnrin yìí pẹ́ tó láti mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ọdún gígùn kọ́, àti pé ìgbà tó kúrò lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà tó ráyè nà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ló yí padà, gbogbo ìyókù sì so mọ́ ọn. Éjẹ́ǹtì, aṣojú ilé-iṣẹ́ ni. Ọjà ilé-iṣẹ́ ló ń tà, ilé-iṣẹ́ ló rán an, bí ó bá sì bá yín jókòó, ẹnu ilé-iṣẹ́ ló fi ń bá yín sọ̀rọ̀, bó ti wù kó fẹ́ràn yín tó. Bróókà kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà ló rán an níṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú owó tí oníbàárà san ni ilé-iṣẹ́ ti ń yọ kọmíṣọ̀n fún un. Ọ̀nà méjèèjì ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Àwọn oníṣòwò òyìnbó ló kọ́kọ́ ń ṣe aṣojú fún àwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì London ní Èkó, kí Royal Exchange Assurance tó ṣí ẹ̀ka tirẹ̀ ní 1921. Ní 1962 ni àwọn bróókà kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ tó di Nigerian Council of Registered Insurance Brokers. Ní ọdún kejì rẹ̀, 1963, AIICO bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ American Life ti Amẹ́ríkà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé mọ̀ nítorí éjẹ́ǹtì tó ń wọlé tọ̀ wọ́n wá.

Àǹtí kì í sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ti jáde láìdáa. Ó ní ibẹ̀ lòun ti kọ́ bí a ṣe ń rìn. Àárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n á péjọ sí ọ́fíìsì, wọ́n á kọrin, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó tà jù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá á sì ka iye tí oníkálukú gbọ́dọ̀ mú wá kí oṣù tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di títì. Ó kọ́ bí a ṣe ń dúró ti ìyá tó ń ka owó lọ́wọ́ láì dá a lẹ́nu. Ó kọ́ pé ọjọ́ tí ọjà kún kọ́ la ń bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ ọ̀la. Ó sì kọ́ bí a ṣe ń ta ínṣọ́ránsì ẹ̀mí fún Yorùbá láì pe ikú lórúkọ. Kò jẹ́ sọ pé "bí ẹ bá kú." Á ní, "Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó ṣe ìgbéyàwó gbogbo wọn. Owó iléèwé àwọn ọmọ là ń tò jọ yìí." Ẹni tó ń gbọ́ mọ ohun tó ń wí. Kò sẹ́ni tó bínú.

Gbogbo èyí ló gbé jáde níbẹ̀, ó sì ń lò ó títí dòní. Ohun tó lé e jáde ni ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù iṣu ní ìhà Agílítì. Ẹni tó bá ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́ mọ ohun tí omi ń ṣe níbẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, tí odò Ògùn kún, tí wọ́n sì ń ṣí omi sílẹ̀ ní Dáàmù Ọ̀yán, omi á yọ sí Agílítì àti Ajégúnlẹ̀ títí dé etí Owódé. Iná kọ́ ni ìyá yìí ń bẹ̀rù, omi ni. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ tí Àǹtí ń ṣiṣẹ́ fún ní nígbà náà sì jẹ́ ìwé iná. Kò gba omi rárá. Àǹtí mọ ilé-iṣẹ́ kan tó máa fi omi kún un bí wọ́n bá san owó lé e. Kò lè dárúkọ rẹ̀. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tà. Ìyá náà sanwó, ó sì dúpẹ́. Àǹtí sọ fún mi pé kò sí ohun tó burú tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá náà lọ́dún yẹn, omi kò dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo òru tí òjò bá rọ̀, òun kì í sùn.

Ó wá padà sídìí ìwé. Chartered Insurance Institute of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, ló ń ṣe ìdánwò fún àwọn oníṣẹ́ yìí, ìdánwò náà kì í sì í ṣe eré. Alẹ́ ló fi ń kàwé, lẹ́yìn tó bá ti bá àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ iléèwé wọn tán. Bróókà kò sì lè dá fi orúkọ ara rẹ̀ lásán ṣòwò. Òun àti àwọn méjì tó mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso ínṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, wọ́n sì wọ ẹgbẹ́ àwọn bróókà. Ohun kan wà nínú ètò yìí tí mo fẹ́ràn: òfin ní kí bróókà fúnra rẹ̀ ra ínṣọ́ránsì sórí àṣìṣe ara rẹ̀, kí oníbàárà tó bá torí ìmọ̀ràn tí kò tọ́ pàdánù lè rí ibi tí yóò ti gba owó rẹ̀ padà. Ẹni tó ń ta ààbò, òun náà wà lábẹ́ ààbò.

Kí ó tó lọ, ó kó gbogbo fọ́ọ̀mù, rìsíìtì àti léńjà tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ jọ, ó gbé wọn lé ọ̀gá rẹ̀ lórí tábìlì. Kò ya fọ́tò wọn. Èyí ṣòro ju bó ti dún létí lọ, nítorí ohun tó wà nínú léńjà yẹn ni ọjọ́ tí ínṣọ́ránsì oníkálukú máa parí, ẹni tó bá sì mọ ọjọ́ yẹn ló mọ ọjọ́ tó yẹ kó kan ilẹ̀kùn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ léńjà yìí ló ya àwọn oníṣẹ́ náà sí méjì. Àwọn tó dá dúró ti ní ẹgbẹ́ tiwọn láti 1896. Ní 1904, ilé-ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ New York dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú Yonkers pè. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mú un pé éjẹ́ǹtì tó dá dúró, tó ṣe làálàá rẹ̀, ló ni àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìparí àwọn oníbàárà rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kò lè gbé e fún ẹlòmíràn. Éjẹ́ǹtì ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, bí àwọn ti State Farm tó bẹ̀rẹ̀ ní Illinois ní 1922, kò ní àǹfààní bẹ́ẹ̀: bí ó bá lọ, àkọsílẹ̀ á dúró. Àǹtí kò gbọ́ nípa Yonkers rí nígbà tó ń kó léńjà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé òun jẹun lórí rẹ̀ ní orúkọ ilé-iṣẹ́, òun kò sì ní jí i. Kọmíṣọ̀n tó ń wọlé fún un lọ́dọọdún lórí àwọn ìwé ẹ̀mí tó ti tà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú léńjà. Ìwọ̀nba àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn wá a rí ló tẹ̀ lé e.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ó ti ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Wọ́n fi Alájọ Ṣómólú bú u, wọ́n gbàgbé pé ọlọ́gbọ́n la máa ń fi Alájọ Ṣómólú ṣàpèjúwe. Ìdí tí ọkùnrin náà fi ta mọ́tò ni pé mọ́tò kò lè gba àárín ìsọ̀ kọjá, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń dá àjọ wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Fọ́ọ̀mù ló ń kọ́kọ́ dé. Òfin ínṣọ́ránsì ọdún 2003, tí òfin tuntun ti rọ́pò ní 2025, ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù pé éjẹ́ǹtì tó bá ran ènìyàn lọ́wọ́ láti kọ fọ́ọ̀mù náà, aṣojú ẹni náà ló jẹ́ nínú kíkọ rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ó bá kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ torí kó lè yára tà, irọ́ náà ti di tiyín, ọjọ́ tí iná bá sì jó ni ilé-iṣẹ́ máa gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ éjẹ́ǹtì ló ń kọ fọ́ọ̀mù lórí itan nínú kẹ̀kẹ́ Máruwá. Àǹtí kì í kọ ọ́ níbi tí kò bá sí ohun tó ń béèrè lójú rẹ̀. Ní Owódé Onírin, mo rí i tó dúró sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù kan, fọ́ọ̀mù béèrè irú òwò tí aládùúgbò ń ṣe, ó sì rìn lọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀tún, ẹni tó ń jó irin. Òsì, ẹni tó to jálá epo ẹ́ńjìnnì dé àjà. Ó kọ méjèèjì. Onítọ̀hún ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà kọ ọ́ báyìí, wọn ò ní bù lé owó mi?" Ó ní, "Wọ́n á bù lé e, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bù lé e nísinsìnyí tí ẹ lè san án." Lẹ́yìn náà, ó ka gbogbo rẹ̀ fún un sókè ní Yorùbá, ìbéèrè àti ìdáhùn, kó tó gbé báírò fún un kó fọwọ́ sí i.

Ọkùnrin yẹn náà ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ mílíọ̀nù 5, kí owó tí òun máa san lè kéré. Ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó mílíọ̀nù 20. Àǹtí ya bébà kan nínú ìwé rẹ̀. Ó kọ 20 sísàlẹ̀, ó kọ 5 sókè. "Ká ní iná jó díẹ̀ nínú ọjà yín, ohun tó jó jẹ́ mílíọ̀nù 4. Èló lẹ rò pé wọ́n máa san?"

"Mẹ́rin, ṣebí márùn-ún ni mo kọ."

"Ọ̀kan."

Ó fi pẹ́ńsù hàn án. Márùn-ún nínú ogún jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin òfò náà sì ni ilé-iṣẹ́ máa gbé. Ìlà kan wà lẹ́yìn ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀. "Ìdá mẹ́ta yòókù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe ínṣọ́ránsì rẹ̀ fún ara yín." Ọkùnrin náà gba bébà náà, ó wò ó, ó kà á lọ kà á bọ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ṣàlàyé ìlà yìí fún mi tí kò yé mi. Bébà yẹn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo sì mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà.

Ibi tí ẹni tó dá dúró ti yàtọ̀ sí éjẹ́ǹtì ni ohun tó tẹ̀ lé e. Éjẹ́ǹtì á ní, "Ẹ kọ ogún, ẹ san iye báyìí," nítorí iye kan ṣoṣo ló mọ̀. Àǹtí kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó sọ fún wọn pé àjà ṣọ́ọ̀bù jẹ́ páànù, pé ẹ̀rọ ìpaná méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, pé wọ́n ń pa iná ọjà láti ìta bí ilẹ̀ bá ṣú. Ìdáhùn mẹ́ta dé. Èyí tó kéré jù kọ́ ló mú. Ó fi ẹ̀yìn ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, ó sì rí i pé èyí tó kéré jù yọ omi kúrò, ó sì ní kí ẹni tó ni ọjà máa gbé òfò tó pọ̀ díẹ̀ lórí ara rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó dá sí i. Èyí tó wà láàárín ló gbé lọ bá ọkùnrin náà, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ tòmátì le jù. Ìyá kan tó ti pẹ́ ní Mile 12 ń kó tòmátì wá láti Kánò. Ó jókòó sórí kéréètì, Àǹtí lóṣòó síwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹrù yín, níbo ló máa ń sùn lójú ọ̀nà?"

"Ẹrù a máa sùn ni? Dírẹ́bà ló ń sùn."

"Níbo ni dírẹ́bà máa ń sùn tí ẹrù fi ń dúró dè é?"

"Jẹ́bà. Nígbà mìíràn, Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ gan-an, Ògèrè."

Ó kọ orúkọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kò ní san bí wọ́n bá jí ẹrù nínú ọkọ̀ tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lóru. Ó béèrè bóyá ọmọ ọkọ̀ ń sùn lórí ẹrù. Ó béèrè ẹni tó ni ọkọ̀. Ó béèrè bí ẹrù ènìyàn mẹ́wàá bá wà lórí ọkọ̀ kan, kí ni wọ́n fi ń mọ ti Ìyá. Ìyá náà fi ọ̀dà pupa tó wà lẹ́nu apẹ̀rẹ̀ hàn án. Ó kọ ìyẹn náà.

"Bí ọkọ̀ bá dànù, wọ́n á san. Bí iná bá jó o, wọ́n á san. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ lọ tòun tẹrù, wọ́n á san. Ẹ gbọ́ èyí, Ìyá. Tòmátì tó bá jẹrà torí ọkọ̀ pẹ́ lọ́nà, kò sí èyí tó máa san án nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lọ́wọ́ mi yìí."

"Jíjẹrà yẹn gan-an ló ń pa mí."

"Mo mọ̀, mà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ní ìparí oṣù Kejì 2021, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá oúnjẹ tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya dúró, tí ọkọ̀ tò sí Jẹ́bà, ẹrù tó bàjẹ́ níbẹ̀ kò dànù, kò jóná, wọn kò jí i. Ó pẹ́ lọ́nà ni. Irú rẹ̀ náà ni ti oṣù Kẹta 2016, tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, tí ìjọba Ambọ̀dé, gómìnà Èkó nígbà náà, sì ti ọjà pa. Ẹni tí wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nílò kí ọ̀rọ̀ rògbòdìyàn ti wà nínú ìwé iná rẹ̀, ẹni tí kò sì rí ọjà tà nítorí pé wọ́n ti ọjà, ìwé mìíràn pátápátá lòun nílò. Àǹtí mọ ọjọ́ méjèèjì yìí lórí, òun ló sì máa ń fi béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́: bí irú ti 2016 bá tún ṣẹlẹ̀, kí ni ẹ máa san? Ó ń fẹ́ ìdáhùn lórí ìwé.

Ohun tó sọ fún Ìyá Alátòmátì lórí jíjẹrà kò mú kọbọ̀ wá fún un. Ó ní kó fi kéréètì oníke kó ẹrù dípò apẹ̀rẹ̀, torí nínú apẹ̀rẹ̀, èyí tó wà lókè máa ń tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ fọ́ kí wọ́n tó dé Ìlọrin. Ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, kò sí nínú ohun tí ọ̀gá ń béèrè láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Owó kékeré náà, kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Láti January 1, 2023, ínṣọ́ránsì mọ́tò tó kéré jù, èyí tí òfin fi dandan mú gbogbo ọlọ́kọ̀, ti kúrò ní ₦5,000 di ₦15,000. Kọmíṣọ̀n lórí mọ́tò jẹ́ 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦1,875 lórí ọkọ̀ kan. Láti ìgbà tí ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lójú pópó ní February 2025, àwọn tó ń ta ayédèrú ìwé náà kò sinmi. Bí dírẹ́bà bá mú ìwé rẹ̀ wá, Àǹtí kò ní wo ìwé náà tán tí á fi tẹ *565*11# lórí fóònù, kó lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà ọkọ̀ náà wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì. Ọ̀fẹ́ ló ń ṣe ìyẹn fún ẹni tí kò tilẹ̀ rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ènìyàn kì í rí, torí ojú ọjà kọ́ ló ti ń ṣe é: bó ṣe ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì fi owó kún owó ìdásílẹ̀ wọn, tí gbèdéke rẹ̀ pé ní February 2007, àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bẹ̀rẹ̀, àádọ́ta kò pé tó jáde. Ní June 2022, NAICOM gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Niger Insurance àti Standard Alliance. Éjẹ́ǹtì tó bá so mọ́ ilé-iṣẹ́ kan, ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá rì lòun náà ń wá èbúté. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 tún ti gbé e sókè: bílíọ̀nù 10 náírà fún ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ẹ̀mí, bílíọ̀nù 15 fún ti dúkìá. Àǹtí lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ṣòwò ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan san kíléèmù tó kẹ́yìn fún oníbàárà wọn, àti iye ọjọ́ tó fi falẹ̀. Èyí tó bá ti ń falẹ̀ jù, wọn kì í gbé ọjà tuntun lọ bá a. Kò sí ariwo níbẹ̀.

Mi ò ní tan yín pé gbogbo bróókà ló rí báyìí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba owó oníbàárà tí wọ́n sì ń fi jókòó, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí NAICOM fi dandan mú un láti January 1, 2013 pé bí owó kò bá wọlé, kò sí ínṣọ́ránsì. Owó oníbàárà Kòṣọ̀fẹ́ kì í sùn lọ́wọ́ Àǹtí. Àpamọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ni wọ́n ń san án sí, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wò ó lọ.

Àti ọjọ́ òfò. Mo bá a lọ síbi iná kan rí, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìhà Kétu. Iná ti kú, èéfín ṣì ń jáde lábẹ́ páànù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti gbé ìgbálẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ má tíì gbá a." Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn, lẹ́yìn tó ti kí wọn kú ewu iná. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ máa rán wá wo òfò kò tíì dé, ohun tó bá sì bá nílẹ̀ ló máa kọ. Ó ya fọ́tò láti ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, pẹpẹ kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì ní kí oníṣòwò náà jókòó kó máa dárúkọ ohun tó wà lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan kí ojú rẹ̀ tó gbàgbé. Ó kọ ọ́ sí ìpín mẹ́ta: èyí tó jóná ráúráú, èyí tí omi panápaná bà jẹ́, èyí tó ṣeé tà lówó pọ́ọ́kú. Ìpín kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, wọ́n á ní iná kọ́ ló mú un. Nígbà tí ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán wá dé, tó ń sọ pé ọjà tó bá ti pẹ́ lórí pẹpẹ ti dín lówó, Àǹtí ti ní rìsíìtì oṣù tó kọjá lọ́wọ́. Wọ́n fà á, wọ́n bọ́hùn sílẹ̀, kò sí èébú. Ọjọ́ tí ìwé àfọwọ́sí owó sì dé, ó ka ìlà tó ní "èyí ni gbogbo rẹ̀, kò sí ìyókù" fún onítọ̀hún, ó ní kó lọ sùn lé e lórí kó tó fọwọ́ sí i.

Láìpẹ́ yìí ni tọkọtaya olùkọ́ kan láti Ikosi wá bá a pé àwọn fẹ́ fi owó pamọ́ fún iléèwé àwọn ọmọ, kí ìwé náà sì máa san owó iléèwé lọ bí ọ̀kan nínú àwọn kò bá sí mọ́. Ó gbé ìwé mẹ́rin sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ṣí ẹ̀yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé-iṣẹ́ tó ti jáde wà lára wọn. Tiwọn ló dára jù fún tọkọtaya yìí: ọjọ́ tí wọ́n fàyè gbà bí owó oṣù bá pẹ́ gùn ju ti àwọn yòókù lọ, owó oṣù olùkọ́ sì máa ń pẹ́. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù ni kọmíṣọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù. Ó tò ó fún wọn bó ti rí, ó ní kí wọ́n mú ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó sì gbé fọ́ọ̀mù wọn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà.